Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́ wáìnì tó ń hó wò lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ka ọ̀rọ̀ àwọn critic, ìyẹn àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò tí wọ́n sì ń kọ̀wé nípa ẹ̀, kí lẹ bá níbẹ̀?

Ìgò_Mẹ́ta: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Táwọn critic bá tọ́ Champagne, wáìnì tó ń hó ti ilẹ̀ Faransé, tàbí Cava, ti ilẹ̀ Sípéènì, wò, wọ́n á ní àwọ́n gbọ́ òórùn búrẹ́dì yíyan, bọ́tà, ápù, ẹfun. Bí èmi bá gbé e sẹ́nu, kíkan ni, á wá máa ta mí láhọ́n. Ṣé èmi nìkan ni? Ẹ sọ tiyín.

ÌyáÌbejì: Ìwọ nìkan kọ́.

Ọ̀gá_Ife: Ẹ jẹ́ n sọ bójú ṣe tì mí. Àwa mẹ́fà la jókòó, wọ́n faṣọ bo ìgò mẹ́ta, wọ́n ní ká kọ ohun tá a bá gbọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo ti ka ọ̀rọ̀ critic há sórí, mo kọ sí ìkejì pé búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ààrò jáde, ẹfun, Champagne pọ́ńbélé, mo tún fàlà sábẹ́ ẹ̀. Ìkẹta, mo ní ápù lásán, ó fúyẹ́, Cava ni, kí ló tún kù. Wọ́n ṣí aṣọ. Ìkejì ni Cava, Gran Reserva, ìyẹn èyí tó máa ń pẹ́ gan-an nínú ìgò kí wọ́n tó tà á. Ìkẹta ni Champagne. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, mi ò bá kó sí i.

Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀: Kò yẹ kójú tì yín rárá ẹ̀gbọ́n. Oṣù lẹ tọ́ wò, ẹ ò tọ́ orúkọ wò. Tí yíìsì bá ti sọ ṣúgà di ọtí lẹ́ẹ̀kejì nínú ìgò, á kú sínú ẹ̀, á di gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, bó ṣe ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ ló ń fún wáìnì ní òórùn búrẹ́dì yẹn. Champagne tí wọn ò kọ ọdún sí lára, oṣù 15 ni òfin ní kó lò nínú ìgò kí wọ́n tó tà á, 12 péré ló pọn dandan lórí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀. Gran Reserva ńkọ́? Oṣù 30, ó kéré tán. Cava lásán, 9.

KòDáMiLójú: Òkú yíìsì la wá ń sanwó fún. Ó dáa náà.

ÌyáÌbejì: 😂😂 òkú!

KòDáMiLójú: Èyí tó tún ń bí mi nínú ni báwọn critic ṣe máa ń ní àwọ́n gbọ́ "òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa". Ta ló lá òkúta wò nínú wọn? Irọ́ ni jàre.

Ọ̀gá_Ife: Ṣé o ò gbọ́ òórùn ilẹ̀ rí nígbà tójò bá kọ́kọ́ kán sílẹ̀? Imú ni wọ́n fi gbọ́ ọ, kì í ṣe ahọ́n.

KòDáMiLójú: Mo gbọ́ yín sà. Mi ò gbà.

Àdùkẹ́: Tèmi yàtọ̀. Mo ṣí Franciacorta kan, wáìnì tó ń hó ti ilẹ̀ Ítálì, mo dà á, ó dákẹ́ bí omi kànga. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ọtí ti kú, wọ́n ti rẹ́ mi jẹ, mo tiẹ̀ ti ń to èébú tí mo máa bú ẹni tó tà á fún mi. Ọkọ mi wá bu tiẹ̀ sínú ife míì, látinú ìgò kan náà o, ló bá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan látìsàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Àṣé ọṣẹ ni mi ò ṣàn kúrò lára tèmi! Mo tún un fọ̀, mo faṣọ nù ún, ó hó.

Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀: Aṣọ yẹn gan-an wà níbẹ̀. Òwú tíntìntín tó lẹ̀ mọ́ inú ife, ibẹ̀ ni híhó ti ń bẹ̀rẹ̀. Gérard Liger-Belair, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní yunifásítì Reims nílẹ̀ Faransé, ti fi kámẹ́rà wò ó fínnífínní.

ÌyáÌbejì: Ẹ dúró ná. Critic tó kọ ọ́ pé "ó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wuni", aṣọ ìnuwọ́ ló ń yìn?

Ọ̀gá_Ife: 😂 Ẹ ti bà á jẹ́.

Àdùkẹ́: Mi ò ní lè ka critic mọ́ láìrẹ́rìn-ín.

Tòbí_P: Prosecco, ti ilẹ̀ Ítálì náà, ni tèmi, ó ń hó dáadáa, mi ò sì gbọ́ búrẹ́dì kankan níbẹ̀.

Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀: O ò lè gbọ́ ọ. Inú táǹkì ńlá ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú Prosecco, kì í ṣe inú ìgò, kì í sì í pẹ́ lórí òkú yíìsì.

Tòbí_P: Ẹ ti ń bú u nìyẹn.

Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀: Ta ló bú u? Èso ni wọ́n fẹ́ kó máa rùn, ó sì ń rùn bẹ́ẹ̀.

Tòbí_P: Mo ti gbọ́. "Táǹkì."

Àdùkẹ́: Ẹ fi Tòbí sílẹ̀ jàre. Ẹ bá mi wo èyí, orúkọ tí wọ́n ń kọ sára ìgò láti fi sọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó, mo ra èyí tí wọ́n kọ Extra Dry sí, mo rò pé òun ni kò ní ṣúgà jù, ló bá dùn ju èyí tí wọ́n kọ Brut sí lọ.

Ọ̀gá_Ife: Bó ṣe rí nìyẹn. Ṣúgà inú Brut kì í ju gíráàmù 12 lọ nínú lítà kan, Extra Dry lè dé 17. Tó bá jẹ́ pé ṣúgà lẹ ń sá fún, Brut Nature ni kẹ́ ẹ wá, kò tó 3.

KòDáMiLójú: Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn náà ló ń gbọ́ òórùn òkúta.

Ìgò_Mẹ́ta: Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bi yín ní ìbéèrè kan o.

Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀: Báwo lo ṣe máa ń tutù ún?

Ìgò_Mẹ́ta: Mo máa ń kì í bọ inú fírísà títí tó fi fẹ́ dì.

Ọ̀gá_Ife: Há! Imú wo ló fẹ́ gbọ́ nǹkan kan lára yìnyín? Jẹ́ kó tó ìwọ̀n 8 sí 10 Celsius kó o tó gbé e sẹ́nu.

Ìgò_Mẹ́ta: Mo ti gbé e jáde. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú. Mò ń gbọ́ ápù o! Nǹkan kan tún wà lẹ́yìn ẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè pè é.

KòDáMiLójú: Jáde síta, lá òkúta kan wò, kó o fi wé e.