Ọ́ìlì tó ń jò àti wáyà ẹ́ẹ̀tì tí wọn ò dá padà: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ọ̀fà ní Tankẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ń rí i tí ọ̀pọ̀ nínú yín kàn ń ra bátìrì tuntun ṣáá tí mọ́tò bá ti kọ̀ láti sítáàtì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Camry mi, 1999 ni, ẹ́ńjìnnì 5S ló wà nínú ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tèmi kò kan bátìrì rárá.

Ọ́ìlì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá páàkì mọ́jú, ọ́ìlì á ti kán sílẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti so pọ̀. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ẹ̀, ó ní síìlì kráǹkì ẹ̀yìn ni, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, àfi kí gíábọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n sọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ síìlì, mo sanwó, kò pẹ́ ọ́ìlì tún ń kán lójú ibẹ̀ gan-an.

Àsìkò yẹn náà ni wàhálà iná wọlé. Tí mo bá ní kí n sítáàtì, kíkísítátà á ké "kà" lẹ́ẹ̀kan, gbogbo iná dásíbọ́ọ̀dù á kú, á tún padà. Lálẹ́, tí mo bá ta tráfíkétọ̀, iná iwájú á máa ṣẹ́jú bá a lọ. Rewáyà kan, ìyẹn oníṣẹ́ iná mọ́tò, ní bátìrì ni, òmíràn ní alternator tó ń chájì bátìrì ni, ẹnì kẹta ní brain box, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ni, ó ní kí n lọ wá tòkunbọ̀ ẹ̀ rà. Mi ò rà á, torí ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn: wáyà àsẹlérétọ̀, èyí tí à ń fẹsẹ̀ fà kí mọ́tò lè sáré, ti ń le, ọjọ́ tí mo sì fọwọ́ kàn án lẹ́yìn tí mo ti gbìyànjú láti sítáàtì títí, gbígbóná ló gbóná. Irin lásán ni wáyà yẹn, kò yẹ kó gbé iná kankan!

Ẹ wò ó, rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, kò fara kan bọ́dì mọ́tò. Iná tí kíkísítátà bá lò gbọ́dọ̀ padà sílé, sí ẹsẹ̀ négétíìfù bátìrì, wáyà dúdú tó nípọn tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ gíábọ́ọ̀sì ló sì ń gbé e padà, òun là ń pè ní wáyà ẹ́ẹ̀tì. Tí ìyẹn ò bá sí, iná á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, wáyà àsẹlérétọ̀ á di ọ̀nà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì wọ ibẹ̀, mo bá wáyà dúdú yẹn tó ń ṣe jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀, ọjọ́ tí wọ́n sọ̀ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ ni wọ́n tú u, wọn ò dá a padà! A fi sánpépà ha ojú ẹ̀ títí irin fi mọ́, a dè é le. Bí mo ṣe yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, mọ́tò dáhùn.

Ọ́ìlì wá kù. Mo fọ ẹ́ńjìnnì mọ́ tónítóní, ó gbẹ, mo bu páúdà ọmọdé sí i lára káàkiri, mo wà á lọ Ajàṣẹ́-Ìpo mo padà. Bí mo ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ipa ọ́ìlì hàn nínú páúdà: ẹ̀yìn tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, ló ti ń bọ̀, ó ń ṣàn gba ẹ̀yìn bílọ́ọ̀kù lọ sísàlẹ̀ kó tó kán. Gásíkẹ́ẹ̀tì òkè, rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí yẹn, ti gan bí igi. PCV, fáàfù tí atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, náà ti dí pa, atẹ́gùn yẹn ò ríbi jáde, ló bá ń ti ọ́ìlì síta. A pààrọ̀ méjèèjì, ilẹ̀ gbẹ. Síìlì ẹ̀yìn ò mọwọ́ mẹsẹ̀, òun la sì tìtorí ẹ̀ tú gíábọ́ọ̀sì. Ó ṣì ń dùn mí.

Rewáyà Gánmọ:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an, ojoojúmọ́ là ń rí irú ẹ̀. Ẹni tó bá ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kó gbé e sí DC 20 fóòtì, kó fi ẹnu dúdú kan orí négétíìfù bátìrì gan-an, kì í ṣe irin tí wọ́n fi dè é o, kó fi pupa kan irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, kí ẹlòmíràn máa sítáàtì. Tó bá wà ní nǹkan bíi 0.2 fóòtì kò burú, tó bá ti ń lé ní 0.5, ẹ́ẹ̀tì yẹn ń ṣàìsàn. Ẹ ṣe bọ́dì náà bẹ́ẹ̀, kí gbogbo iná wà ní títàn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó ń ké "píì" lórí mítà, torí okùn wáyà tín-ín-rín kan tó bá ṣẹ́kù náà á mú un ké, bẹ́ẹ̀ kò lè gbé kíkísítátà. Tí ò bá sí mítà, ẹ fi wáyà jọ́ńpù kan ṣoṣo so négétíìfù mọ́ ẹ́ńjìnnì, tó bá sítáàtì geere, ẹ ti rí olè.

Ìyá Tíṣà, Òmù-Àrán:
Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú làákàyè. Ti Corolla mi, swíìṣì ọ́ìlì, èyí tó ń tan iná ọ́ìlì lójú dásíbọ́ọ̀dù, ló ń jò, ọ́ìlì gba inú ẹ̀ bọ́ sí ojú wáyà. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n fi téèpù púlọ́ḿbà wé e káàkiri, jíjò dáwọ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ọ́ìlì ò tàn mọ́ tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rù bà mí, torí iná yẹn náà ni yóò kìlọ̀ fún mi tí ọ́ìlì bá gbẹ lọ́nà Ìlọrin. Ṣé téèpù yẹn ló fa á?

Rewáyà Gánmọ:
Ó ṣeé ṣe gan-an, Mà. Wáyà ẹyọ kan ló wọ swíìṣì yẹn, ara ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dè é mọ́ ló fi ń ṣe ẹ́ẹ̀tì, téèpù tó bá pọ̀ lè dínà. Swíìṣì yẹn ti bàjẹ́ ná, kí wọ́n fi tuntun sí i láìsí téèpù, kí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sétí ẹ̀. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú tí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn. Ẹ má tíì wà á jìnnà kí wọ́n tó ṣe é.