Ṣé wíwo ìsìn lórí fóònù lè rọ́pò lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?

Abẹ̀ní, Leeds:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú ìgbàgbọ́, mo kí yín. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe níhìn-ín, iṣẹ́ alẹ́ Sátidé sì máa ń gbé mi di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Nítorí náà, ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń wo ìsìn ìjọ wa ti Ìbàdàn lórí YouTube láti orí ibùsùn mi. Mo ń gbọ́ ìwàásù, mo ń fi ọrẹ ránṣẹ́, mo sì ń bá wọn kọrin. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, bi mí pé, "Màmá, ta ni ó mọ̀ wá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa?" N kò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀wọ́, àǹfààní wo gan-an ni ó wà nínú kí ènìyàn máa lọ déédéé, tí kò sí nínú wíwo ìsìn láti ilé?

Bàbá Akọrin, Ìbàdàn:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o kú àìsùn. N kò ní bá ọ wí, nítorí nígbà tí wọ́n ti àwọn ilé ìjọsìn pa ní ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, orí fóònù yìí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti jọ́sìn, Ọlọ́run sì gbọ́ wa. Àmọ́ ibi tí a máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ìwé Hébérù orí 10 ẹsẹ 25, tí ó ní kí a má ṣe kọ ìpéjọpọ̀ ara wa sílẹ̀, kò dá dúró. Ka ẹsẹ 24 tí ó ṣáájú rẹ̀, wàá rí i pé ohun tí ó ń sọ ni kí a máa yẹ ara wa wò, kí a lè máa ru ara wa sókè sí ìfẹ́ àti iṣẹ́ rere. Kò tilẹ̀ dárúkọ ìwàásù níbẹ̀. Bí o bá sì kà á dé ẹsẹ 34, wàá rí i pé àwọn tí a kọ ìwé náà sí ni àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rù lọ nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Àwọn tí ó nídìí láti fara pa mọ́ sílé gan-an ni a ń bẹ̀ pé kí wọ́n máa jáde wá.

Ikú ìyàwó mi ni ó jẹ́ kí n mọ ohun tí yíyẹ ara ẹni wò túmọ̀ sí. Ọjọ́ Ìsinmi méjì ni mo pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ lẹ́yìn ìsìnkú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, màmá kan tí a jọ máa ń jókòó lórí àga gígùn kan náà, tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di ọjọ́ náà, fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ẹ̀kọ mẹ́rin àti mọ́ínmọ́ín nínú abọ́ onídèérí. Kò wàásù fún mi. Ó tú ẹ̀kọ náà kúrò nínú ewé, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán, ó wá ní, "A kò gbọ́ ohùn yín nínú orin àárọ̀ yìí." Fóònù lè ka iye ènìyàn tí ó ń wo ìsìn, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé èmi ni n kò sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Abẹ̀ní, ìbéèrè ọmọ rẹ ni ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ní ìjọ wa níhìn-ín, àwọn ìyá àgbà tí kò bá wa tan rárá ni ó ń fi oríkì kí àwọn ìbejì mi, tí wọ́n sì ń bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ kọ́ lónìí?" Kì í ṣe òní ni èyí bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1844, Àjàyí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, fún àwọn ènìyàn wa tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, bí a ti gba òun náà. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí bí a ṣe máa ń kí ara wa. Mo máa ń ro bí yóò ti rí lára ẹni tí a já gbà kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí ó wá ń gbọ́ àdúrà ní èdè ìyá náà láàrín àwọn tí nǹkan kan náà ṣẹlẹ̀ sí. Kò sì di dandan kí ó jẹ́ ìsìn òwúrọ̀, àbúrò mi. Bí oorun bá ń kùn ọ́, wá ìjọ tí ó ní ìsìn ìrọ̀lẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ Bíbélì láàrín ọ̀sẹ̀.

Àkànní, Òṣogbo:
Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jókòó sílé ni iṣẹ́ dá dúró. Ìjọ tí mo wà tẹ́lẹ̀ máa ń ka orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ìkórè jáde níwájú gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ tí wọ́n ka ti ìyá mi, tí owó oògùn ń ni lára, ni mo bá a jáde, n kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan fún ọdún mẹ́ta. Mo ń gbàdúrà, mo ń ka Bíbélì, n kò sì ní purọ́ pé ìgbàgbọ́ mi kú. Sùúrù mi ni ó tán, nítorí kò sí ẹni tí mo ní láti fara dà, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún mi pé mo ṣìwà hù. Ìjọ tí kò ju ogójì ènìyàn lọ ni mo wà báyìí, èmi ni mo sì ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ní Sátidé. Bí ibi kan kò bá tù ọ́ lára, wá ibòmíràn.

Abẹ̀ní, Leeds:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bẹ ẹni tí ó ń pín iṣẹ́ fún wa pé kí ó máa yọ mí kúrò nínú iṣẹ́ alẹ́ Sátidé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ó sì ti gbà láti oṣù tí ń bọ̀. Kí ó tó dìgbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní ìpẹ̀kun òpópónà wa tí ó ń ṣe ìsìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n màmá òyìnbó kan tí mo tọ́jú rí máa ń lọ síbẹ̀, èmi àti ọmọ mi yóò sì lọ ní ọjọ́ Ìsinmi yìí. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n ṣì máa fi gbogbo ọrẹ mi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, àbí kí n pín in sí méjì?