Ọmọ mi fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Geiranger, òkè ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù

Ìyá Tóbi (Ìdànrè):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Nọ́wè. Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Oslo ti rí iṣẹ́ ìgbà ooru ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Geiranger. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́: abúlé kékeré létí omi, òkè yí i ká pátá. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Àmọ́ àbúrò mi kà á pé òkè kan nítòsí ibẹ̀ ti sán, pé ó lè ya lu omi. Láti ìgbà náà, mi ò rí oorun sùn dáadáa. Ààrin òkè ni wọ́n bí mi sí, òkè ò bà mí lẹ́rù. Èyí tó ń rìn ni mi ò rí rí. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Bàbá Ìbejì (Bergen):
Màmá, ẹ kú ìrònú ọmọ. Òótọ́ ni wọ́n kà. Åkneset ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kò sí nínú Geiranger gan-an, ojú omi tó lọ síbẹ̀ ló wà. Ẹ̀gbẹ́ òkè náà ti là, ó sì ń yọ̀ wálẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà díẹ̀díẹ̀ lọ́dún. Bó bá já wọ omi, ìgbì rẹ̀ á dé Geiranger àti Hellesylt láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní agbègbè yẹn. Lóru kan ní oṣù kẹrin ọdún 1934, òkúta já sínú fjord (apá òkun tó wọ àárín òkè) ní Tafjord, ìgbì sì pa èèyàn 40. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ òkè. Ní báyìí, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NVE ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ Åkneset tọ̀sán-tòru. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé yíyọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ yára sí i, kí wọ́n lè kó àwọn ará abúlé kúrò kó tó já.

Àǹtí Fúnkẹ́ (Ålesund):
Mà, ẹ jẹ́ kó lọ. Lọ́jọ́ tó bá débẹ̀, kó béèrè ibi tí wọ́n ń sá gùn bí fèrè ìkìlọ̀ bá dún, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Kó má pa fóònù lóru.

Ohun tí èmi máa ń kọminú sí ni ìgbà òtútù. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju igba èèyàn àti díẹ̀ lọ. Yìnyín máa ń ti ọ̀nà tó gba orí òkè kọjá pa. Èyí tó kù, Ørnevegen, kọ́nà 11 ló ní, wọ́n sì máa ń tì í nígbà míì. Bí wọ́n bá ní kó dúró kọjá ìgbà ooru, kó má gbà.

Ṣèyí:
Ẹ má bínú o, èmi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi lọ. Òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ ní Oslo.

Ìyá Tóbi:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pè é. Ó ní ilé tí wọ́n fẹ́ fi òun sí wà nísàlẹ̀ létí omi. Ṣé ó lè ní kí wọ́n fún òun ní ti òkè?

Àǹtí Fúnkẹ́:
Ó lè béèrè, Mà. Abúlé náà gun òkè lọ, ilé wà lókè dáadáa. Kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn kó tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, kí wọ́n sì kọ èsì fún un.