Wọ́n ti ya CT (àwòrán inú ara) fún Màmá, wọ́n tún ní kí á wá ya òmíràn kí ìtọ́jú ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé dandan ni?

Olùbéèrè, Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Màmá wa, ẹni ọdún 58, ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ìpele 2B. A ti ya CT ikùn àti ìbàdí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, fíìmù àti èsì wà lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ gba ìtànṣán níbí ní Ìbàdàn, wọ́n ní kí á tún wá ya CT “ti ìṣètò”. Owó ti ń tán lọ. Ṣé ti àkọ́kọ́ kò lè tó ni? Kí ni kí á múra sílẹ̀? Ìtọ̀ ṣúgà wà lára wọn, metformin ni wọ́n ń lò.

Rediográfà
Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Dandan ni, ẹ má bínú. CT àkọ́kọ́ ń wá ibi tí àrùn wà. Èkejì yìí ni wọ́n fi ń ṣírò ọ̀nà tí ìtànṣán máa gbà wọlé. Ibùsùn ẹ̀rọ àyẹ̀wò tẹ̀ kòtò láàárín bí inú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, ti ẹ̀rọ ìtọ́jú tẹ́ pẹrẹsẹ. Ara tó bá rì sínú kòtò yẹn kò ní rí bákan náà lọ́jọ́ ìtọ́jú.

Màmá á fẹ̀yìn lélẹ̀, ọwọ́ lórí àyà, wọ́n á fi ìrọ̀rí tàbí fóòmù sábẹ́ orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Iná lésà á ti ara ògiri tàn sí wọn lára. Ibi tí iná náà bá ti pàdé ni wọ́n á fi àmì sí: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ á wá ya àwòrán ní mílímítà 2.5 tàbí 3 sí ara wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n bọ́ ọ nílé: ó ń hàn nínú àwòrán, ó sì ń bo ibi tí àmì ẹ̀gbẹ́ yẹ kó wà.

Bí àmì náà bá jẹ́ tàdáwà, kànrìnkàn ni ọ̀tá rẹ̀. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi bu omi sí i, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Bó bá ti ń ṣá, ẹ pè wá. Ẹ má fi báírò tún un fà nílé láéláé, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ tí ọwọ́ bá yẹ̀, ìtànṣán náà yẹ̀.

Onífísíìsì ìṣègùn
Mo fi kún un. Dúdú àti funfun inú CT, nọ́ńbà ni fún kọ̀ǹpútà ìṣètò: òun ló fi ń mọ bí egungun, ọ̀rá àti afẹ́fẹ́ ṣe kì tó, kó tó lè ṣírò bí ìtànṣán á ṣe rìn. Ẹ̀rọ tí a kò díwọ̀n fún iṣẹ́ yìí máa ń ṣi ìṣirò náà lọ́nà.

Síbẹ̀, ẹ gbé CT àkọ́kọ́ dání. CD tí fáìlì DICOM (irú fáìlì tí ẹ̀rọ ìṣègùn fi ń pa àwòrán mọ́) wà nínú rẹ̀ ni kó jẹ́. Fọ́tò fíìmù tí a fi WhatsApp ránṣẹ́ kò wúlò. Bí MRI (àwòrán inú ara tí a fi agbára òòfà yà) bá wà, ẹ gbé e wá pẹ̀lú, nítorí ọrùn ilé ọmọ hàn nínú rẹ̀ ju ti CT lọ.

Lẹ́yìn àwòrán, dókítà á fa ìlà yí àrùn ká, á tún fa ti àpò ìtọ̀, ìfun ìdí, ìfun kékeré àti orí egungun itan, kí a lè dá wọn sí. Èyí kì í parí lọ́jọ́ kan. Ohun tó wọ́pọ̀ ni 45 Gray (òṣùwọ̀n ìtànṣán) ní ìgbà 25, ìyẹn 1.8 lójoojúmọ́, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pẹ̀lú cisplatin (oògùn jẹjẹrẹ) lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí kíndìnrín bá gbà. Ìtànṣán tí a ń gbé sínú ara tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ yẹ kó parí láàárín ọjọ́ 56, torí náà ọjọ́ tí a bá pa jẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: ṣé ẹ̀rọ ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọjọ́ wo sì ni Màmá máa bẹ̀rẹ̀? Bí wọ́n bá ya àwòrán tán, tí ìtọ́jú wá falẹ̀ lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀, ara lè ti fọn, àrùn lè ti yí padà, ẹ ó sì tún padà wá yà.

Nọ́ọ̀sì
Ti àpò ìtọ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Kí Màmá tọ̀ tán, kí wọ́n mu píọ́wọ́tà kan, ìyẹn mílílítà 500, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 30 sí 45 láì tọ̀. Ẹ kọ àkókò náà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lójoojúmọ́ ìtọ́jú. Bí àpò ìtọ̀ bá kún lọ́jọ́ àwòrán tó wá ṣófo lọ́jọ́ ìtọ́jú, ìfun á rọ̀ sínú ojú ìtànṣán, ìgbẹ́ gbuuru á sì bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n yàgbẹ́ kí wọ́n tó wá, kí wọ́n má sì jẹ ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí gáàsì inú ìfun ìdí máa ń ti ilé ọmọ síwájú.

Metformin: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ creatinine wò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Bí wọ́n bá fẹ́ fa oògùn àwòrán sí wọn lára, tí kíndìnrín kò sì dára tó, dókítà lè ní kí wọ́n dá a dúró lọ́jọ́ náà àti fún wákàtí 48 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ yẹ PCV (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára) náà wò, ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ kó tó 30%.

Olùbéèrè, Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Màmá kì í lè mú ìtọ̀ dúró pẹ́ o. Ṣé kí wọ́n gbìyànjú 500 náà lọ́jọ́ àwòrán?

Nọ́ọ̀sì
Rárá o. Ẹ sọ fún rediográfà kí wọ́n tó gun orí ibùsùn. Iye tí wọ́n lè mú dúró lójoojúmọ́ ni kí wọ́n fi ya àwòrán, bó jẹ́ 300 ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí dán an wò nílé láti òní: aago lọ́wọ́ kan, kọ́ọ̀pù tí ẹ ti wọn lọ́wọ́ kejì.