Báwo ni mo ṣe lè dáàbò bo iná fọ́ọ̀gì ọkọ̀ mi lọ́wọ́ òkúta ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná?

Ará Kúbwà béèrè:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Kúbwà ni mò ń gbé, iṣẹ́ sì máa ń gbé mi lọ sí Kàdúná lóṣooṣù. Lórí ọkọ̀ mi, kò sí ohun tó ń jẹ mí lówó báyìí tó iná fọ́ọ̀gì méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ bọ́ńpà iwájú. Òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà tírélà àti típà ń ta ló ń bà wọ́n jẹ́. Ti apá ọ̀tún ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti apá òsì kò tíì sán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti dá ihò káàkiri bí awọ ẹni tí olóde ti mú rí.

Ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́nà, mo sì nílò iná wọ̀nyí, nítorí pé bí eruku ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀nà lówùúrọ̀, ńṣe ni iná iwájú tí a tàn sókè máa ń kọlu eruku náà, tí á sì padà wá gún awakọ̀ lójú, nígbà tí iná fọ́ọ̀gì ń tàn gbalaja nísàlẹ̀, tí ó sì ń fi etí ọ̀nà hàn. Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ní kí àwọn tó ń jó irin ní ọjà Panteka ní Kàdúná ṣe nẹ́ẹ̀tì irin síwájú wọn. Ẹlòmíràn ní kí n lọ bá àwọn tó ń lẹ tíǹtì, ó sì fi kún un pé ọ̀rá aláwọ̀ ìyeyè ló dára jù fún ọyẹ́. Èwo nínú ìwọ̀nyí ló múná dóko? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó yé mi kí n tó náwó.

Rìwáyà Apó dáhùn:

Ọ̀gá mi, ẹ kú ìrìn o. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mò ń ṣe ní abúlé àwọn mẹkáníìkì ní Apó, iná fọ́ọ̀gì tó sán sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbé wá bá wa jù lọ. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ààbò, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ojú iná yín, nítorí pé ohun tó ń pa gíláàsì yàtọ̀ sí ohun tó ń pa ike. Oríṣi méjì náà ló wà: gíláàsì, àti ike líle tí wọ́n ń pè ní polycarbonate. Ẹ fi èékánná kan ojú iná náà. Gíláàsì a dún gooro, ike a dún kò-kò. Ẹ sì wo àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, tí ẹ sì rí PL níbẹ̀, ike ni. Lẹ́tà B tàbí F3 ń sọ fún yín pé iná fọ́ọ̀gì iwájú ni lóòótọ́. Lára ti Amẹ́ríkà, SAE pẹ̀lú F ni ẹ máa rí.

Gíláàsì kì í tètè ha, oòrùn kì í sì í mú kó ṣú, ṣùgbọ́n òkúta kan ṣoṣo lè là á. Ike máa ń gba ìlù mọ́ra. Òkúta tó lè fọ́ gíláàsì lè má ṣe ju pé kó dá ihò kékeré sí ike lára lọ. Àìlera ti ike ni pé ó máa ń ha, bí ìpara ààbò tó wà lójú rẹ̀ bá sì ti ṣí, oòrùn Àbújá á mú kó pọ́n, kó sì ṣú. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, mo fura pé gíláàsì ni ti apá ọ̀tún yín, àti pé ike ni ti apá òsì. Kì í ṣe ohun tuntun, nítorí pé nínú tókúnbọ̀, wọ́n máa ń so méjì tí kò bára mu pọ̀.

Kì í sì í ṣe òkúta nìkan ló ń la gíláàsì. Gílóòbù halogen (èyí tí wáyà inú rẹ̀ ń gbóná kó tó tàn) irú H11 máa ń jẹ iná 55 wáàtì, ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń dà. Bí ẹ bá ti tan án títí tí ojú rẹ̀ fi gbóná, tí ẹ wá wọ inú omi òjò, tàbí tí ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ da omi tútù lù ú, ó lè sán lójú ẹsẹ̀, pàápàá bí òkúta bá ti dá ojú kékeré kan sí i tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bú òkúta fún ohun tí omi ṣe. Ẹ jẹ́ kí iná náà tutù kí wọ́n tó fọ ọkọ̀. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ki gílóòbù 100 wáàtì bọ ilé tí wọ́n ṣe fún 55: ike á yọ́, gíláàsì á sán, wáyà náà lè jóná. Ooru iwájú gílóòbù LED kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tì í bọ ilé tí wọ́n ṣe fún halogen, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fọ́n káàkiri, á sì máa gún ẹni tó ń bọ̀ níwájú lójú. N kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn dáhùn:

Ọ̀rọ̀ Rìwáyà tọ̀nà. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwakọ̀, nítorí pé mo gbà tọkàntọkàn pé ibẹ̀ ni ààbò tó pọ̀ jù wà, kò sì ná ènìyàn lówó. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí òkúta fi ń lu iná á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá dín eré kù láti 100 kìlómítà ní wákàtí kan sí 70 ti dín agbára náà kù sí bí ìdajì. Níbi tí wọ́n bá ti darí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ sójú ọ̀nà kan ṣoṣo nítorí àtúnṣe, eré méjèèjì ló ń parapọ̀: 80 tiyín àti 80 ti tírélà lè di 160 fún òkúta tó bá fò sókè láàárín yín. Irú ibẹ̀ gan-an ni òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ sí jù, nítorí pé ọ̀dà kò sí lójú ọ̀nà tàbí pé ó ti ṣí. Bí mo bá rí tírélà tó ń bọ̀ níbẹ̀, mo máa ń dín eré kù kí a tó pàdé.

Ẹ̀yìn típà kì í ṣe ibi à ń dúró sí. Àwọn tó ń kó òkúta láti Mpape máa ń já díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ bí wọn kò bá bò ó, táyà wọn méjì-méjì sì máa ń há òkúta sáàárín. Bí típà bá kọjá òpó kan, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ẹ̀yin náà tó dé òpó yẹn; lórí eré 80, ìyẹn jẹ́ bí mítà 66. Níbi tí ọ̀nà bá kún fún òkúta, ẹ kà á dé márùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ yà á sílẹ̀, ẹ ti bọ́ sí ọwọ́ kejì láti òkèèrè, kí ẹ má ṣe sún mọ́ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó yọjú. Ẹ sì má ṣe gba etí ọ̀nà kọjá, nítorí pé ibẹ̀ ni òkúta ń gbá jọ sí.

Ìyá Àdìó, Lúgbẹ̀ dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin bàbá. Èmi ni mo ń lẹ ọ̀rá mọ́ ojú iná ọkọ̀ ilé wa fúnra mi, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Ọ̀rá tíǹtì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé tín-ín-rín púpọ̀, òkúta kò kà á sí nǹkan kan. Èyí tó wà fún òkúta ni wọ́n ń pè ní PPF, polyurethane, irú ike rírọ̀ kan, ni wọ́n fi ṣe é, ó sì máa ń nípọn tó 0.15 sí 0.2 mìlímítà, èyí tí wọ́n ṣe fún ojú iná ní pàtó lè tó 0.3. Bí òkúta bá lù ú, ó máa ń tẹ̀ wọlé díẹ̀, ó sì ń pín agbára náà káàkiri. Kò sọ gíláàsì di irin. Òkúta ńlá yóò ṣì la gíláàsì, ṣùgbọ́n ọ̀rá náà á di àfọ́kù mú pọ̀, omi kò sì ní tètè wọlé kí ẹ tó dé ilé.

Ìmọ́tótó ló ń jẹ́ kó pẹ́. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú iná náà. Bí ọ̀dà ojú títì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á títí yóò fi rọ̀, kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ òróró náà kúrò pátápátá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ fi bẹntiróòlù tàbí tínà nù ún, nítorí pé àwọn méjèèjì máa ń jẹ polycarbonate, tí yóò fi sán wẹ́wẹ́ láìsí òkúta kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ kán ṣáńpù ọmọdé díẹ̀ sínú omi, ẹ fín in sójú iná àti sí ẹ̀yìn ọ̀rá, ẹ gbé e lé e, kí ẹ sì máa ti omi jáde láti àárín lọ sí etí. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun, tí kò gbóná jù, ni yóò jẹ́ kó tẹ̀lé ibi tó ṣe kọrọdọ. Ẹ gé etí rẹ̀ kó kù díẹ̀ kó kan bèbè, nítorí pé etí tó bá yọ jáde ni eruku ń wọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó fọ ọkọ̀ náà, kí wọ́n má sì gbé ẹnu ẹ̀rọ omi alágbára sún mọ́ etí ọ̀rá náà.

Ní ti àwọ̀ ìyeyè, òfin ilẹ̀ Faransé fi dandan lé iná iwájú aláwọ̀ ìyeyè fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 1993, ó sì ṣeé ṣe kí ìgbàgbọ́ náà ti ibẹ̀ gbilẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ọ̀rá aláwọ̀ ń gbà lára ìmọ́lẹ̀. Bí iná ṣe wà nísàlẹ̀ tó sì ń tàn gbalaja ni agbára rẹ̀. Èyí tó mọ́ gaara ni kí ẹ rà.

Ará Kúbwà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti lọ wò ó: PL wà lára ti apá òsì, gíláàsì sì ni ti apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí Rìwáyà ṣe sọ. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ lórí nẹ́ẹ̀tì irin. Omi sì ti wọ inú èyí tó sán. Ṣé mo lè fi súpà gulúù dí i ná?

Rìwáyà Apó:

Nẹ́ẹ̀tì irin wúlò fún ẹni tó ń gba ọ̀nà eléruku lọ sí oko tàbí ibi ìwakùsà lójoojúmọ́, nítorí pé òkúta ńlá ló ń bá a jà. Fún yín, n kò rò pé ó yẹ. Òkúta tó kéré ju ojú nẹ́ẹ̀tì lọ yóò kọjá, ẹrẹ̀ yóò há síbẹ̀, òjìji rẹ̀ yóò sì gé ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ń wá nínú ọyẹ́. Bí ẹ bá ṣe é síbẹ̀, kó jìnnà sí ojú iná ní ìwọ̀n ìka méjì, kí ìlù má baà gba ara rẹ̀ kan gíláàsì.

Ẹ má ṣe fi súpà gulúù kàn án rárá. Èéfín rẹ̀ máa ń fi ohun funfun bo inú iná náà, kò sì í kúrò bọ̀rọ̀. Ẹ tú u, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi silicone (gulúù tó máa ń rọ̀ bí rọ́bà) tó mọ́ gaara tẹ́ ojú ibi tó sán. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má dí ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé iná náà, nítorí pé ihò yẹn ni ọ̀rinrin ń gbà jáde. Èyí kàn jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ o. Ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó dì í padà: bí omi bá ti jẹ ibi dídán tó ń da ìmọ́lẹ̀ síwájú, kò sí àtúnṣe tó lè gbà á, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń rà, ẹ ra irú ti apá òsì tó ní PL, kí àwọn méjèèjì lè tan bákan náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi gílóòbù tàn án kí ẹ tó sanwó. Ihò kéékèèké ojú ti òsì ṣeé fi yanrìn-bébà nọ́ńbà 1000, lẹ́yìn náà nọ́ńbà 2000, àti omi pa, kí a sì fi ìpara ààbò oòrùn tí wọ́n ṣe fún ojú iná ọkọ̀ kùn ún kí ẹ tó fi ọ̀rá lé e bí Ìyá Àdìó ṣe ṣàlàyé. Gíláàsì kò ṣeé pa bẹ́ẹ̀.