Ẹ gbà mí o, irin tí ọkọ mi rà wúwo jù, wọ́n sì ń pè mí lọ́lẹ

Ìyá Ìkókó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹbí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọkọ mi ra dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì méjì wálé, irin tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá, 20 ni wọ́n kọ sára ìkọ̀ọ̀kan. Mi ò rán an o. Mo kàn sọ lọ́jọ́ kan pé bùbá mi kò gbà mí mọ́ ni. Owó tí a ń tọ́jú fún jẹnẹrétọ̀ ló fi rà á, ẹni tó tà á sì ní àwọn kì í gba ọjà padà. Bí mo bá gbé e sókè orí, kì í ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ tí apá á fi máa gbọ̀n, èjìká ọ̀tún á sì máa ro mí mọ́jú. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọ̀lẹ ni mí. Èmi tí mo ń fọṣọ, tí mo ń dáná, tí òun tẹjú mọ́ fóònù! Ṣé kí n máa fipá gbé e ni, àbí kí n ra òmíràn? Kílò mélòó ló yẹ obìnrin?

Bọ̀dá Jíìmù: Kò sí iye kan tó yẹ gbogbo obìnrin. Kódà lára ẹnì kan ṣoṣo, èjìká kò lágbára tó itan, nítorí náà irin tí ẹ máa gbé sókè orí gbọ́dọ̀ fúyẹ́ dáadáa ju èyí tí ẹ máa fi lóṣòó lọ. Ẹ gbé e láàárín ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá. Bí méjì tó gbẹ̀yìn bá le, síbẹ̀ tí ẹ̀yìn yín ò tẹ̀, tí ẹ ò ju ara kiri, ó bá yín mu. Bí ẹ bá ṣe méjìlá, tí ẹ ṣì lè ṣe ogún, ó ti fúyẹ́ jù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré? Ó wúwo jù fún èjìká. Ṣùgbọ́n ṣé kg ni wọ́n kọ tẹ̀lé 20 yẹn ni àbí lb, ìyẹn pọ́ùn tí kò tó ìdajì kílò?

Ìyá Ìbejì (Àkúrẹ́): Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Èmi ò rówó ra irin nígbà tèmi. Bàbá àwọn ìbejì rọ kọnkéré sínú agolo mílíìkì méjì, ó ki páìpù bọ̀ ọ́. Ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ, apá òsì mi ló jìyà rẹ̀. Ẹ lo ike omi. Omi lítà kan àtààbọ̀, kílò kan àtààbọ̀ nìyẹn, kò sí ìyànjẹ níbẹ̀.

Alàgbà Onírìn: Kí ni obìnrin ń fi irin ṣe? Ó máa yọ iṣan bí ọkùnrin. Kó máa rìn láàárọ̀.

Bọ̀dá Jíìmù: Ẹ má bínú sà, iṣan kì í deédéé yọ bẹ́ẹ̀. Testosterone, èròjà inú ara tó ń mú tọkùnrin tóbi, kéré púpọ̀ lára obìnrin. Folashade Oluwafemiayo, ọmọ Nàìjíríà, gba góòlù nínú irin gbígbé ní Paralympics (ìdíje àwọn aláàbọ̀ ara) ní Tokyo, ó tún gbà á ní Paris ní 2024. Obìnrin ni.

Alàgbà Onírìn: Eléré ìdárayá nìyẹn. Ìyá ọmọ nìyí.

Ìyá Ìbejì (Àkúrẹ́): Ìyá ọmọ náà ló ń gbé garawa omi lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò sọ pé kó má gbé e.

Ìyá Ìkókó: Ẹ ṣé gan-an. Kì í kúkú ṣe pé mi ò lágbára. Kí n tó bímọ, mo máa ń dá gbé ìdajì àpò ìrẹsì. Ẹ má sì bú ọkọ mi, ó nífẹ̀ẹ́ mi. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, lb ni.

Bọ̀dá Jíìmù: Áà! Kò ju bíi kílò 9 lọ nígbà náà. Ẹ fi pa mọ́ fún ìlóṣòó. Fún èjìká, ẹ wá irú èyí tí wọ́n ń tú, tí wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ kún díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Ẹ dúró ná. “Kí n tó bímọ.” Ọmọ náà ti tó oṣù mélòó? Báwo lẹ ṣe bí i?

Ìyá Ìkókó: Kò tíì pé oṣù méjì, mà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti jinná, mi ò rò pé ó kan apá. Ìsàlẹ̀ ikùn kàn máa ń fà mí díẹ̀ tí mo bá ń gbé irin náà ni.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Ó kàn án gan-an! Abẹ kò gé awọ nìkan, inú sì máa ń pẹ́ kó tó jinná ju òde lọ. Bí ẹ bá ń gbé irin sókè orí, ikùn ló ń le láti gbé ẹ̀yìn dúró. Ohun tó ń fà yín nìyẹn. Ẹ gbé irin méjèèjì sílẹ̀ lónìí. Ẹ má gbé ohun tó wúwo ju ọmọ yín lọ títí dókítà yóò fi yẹ̀ yín wò. Bí ojú abẹ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà dé, ẹ má dúró dọjọ́ kejì. Tí wọ́n bá ti yọ̀ǹda, ẹ fi kílò kan sí méjì bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa mí síta bí ẹ bá ń gbé e, ẹ má sé èémí mọ́nú.

Alàgbà Onírìn: Ohun tí mo sọ náà nìyẹn.

Bọ̀dá Jíìmù: Ẹ ò sọ ti abẹ, sà. Ìyá Ìkókó, mo yí ọ̀rọ̀ mi padà, kódà ìlóṣòó ẹ má ṣe é.

Ìyá Ìkókó: Garawa omi wá ńkọ́? Àbúrò ọkọ mi kì í pọnmi.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Kó máa pọn ọ́n. Ẹ fi ohun tí mo kọ han ọkọ yín.

Ìyá Ìkókó: Ó ti kà á. Ó ti kó àwọn irin náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun máa bá àbúrò òun sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí. Ọjọ́ Ajé la ń lọ sọ́dọ̀ dókítà.