Orúnkún ọmọ mi wú, ẹ gbà mí o

Ìyá Bọ́sẹ̀, Kàbbà: Ẹ̀yin ará, òkun o. Ó ti sú mi. Orúnkún ọ̀tún ọmọ mi wú, òru ló ń dùn ún jù. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń bá mi jà torí ilé tí mo ń kọ́. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi tiẹ̀ wá sí ìsọ̀ mi lọ́jà, ó ní mi ò mọ ọmọ tọ́jú. Èmi tí mo ń ta gààrí sanwó iléèwé! Baba tó ń bá wa wọ́ orúnkún ọmọ náà ní iṣan ló yí.

Dádì T., Ìsánlú: Bọ́ọ̀lù fa irú ẹ̀ fún mi rí. Omi gbígbóná ni mo fi jó o.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ fi omi gbígbóná sílẹ̀! Ọmọ ọdún mélòó ni? Ẹ ti ya fọ́tò eegun?

Ìyá Bọ́sẹ̀: Ọmọ mi kì í gbá bọ́ọ̀lù. Baba yẹn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Àdùkẹ́ Mopa: Ẹ̀gbọ́n mi ní in nígbà tó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Giant cell tumour ni, kókó kan tó ń hù nínú eegun. Ní Igbobi, ilé ìwòsàn eegun l'Ékòó, wọ́n fá a kúrò, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì eegun dí ihò náà. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó lè padà, ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò.

Dádì T.: Ẹ má dẹ́rù ba ìyá ọlọ́mọ.

Àdùkẹ́ Mopa: Omi gbígbóná yín ńkọ́?

Ìyá Bọ́sẹ̀: Ọmọ ọdún 14 ni. A ti ya fọ́tò ṣáájú Kérésì. Dókítà ní ká lọ sí Ìlọrin kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ wò. Wọ́n ní bí abẹ bá kan irú ẹ̀, ṣe ló ń ràn. Ṣé kí wọ́n wá gé ẹsẹ̀ ọmọ mi ni?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀: Ọdún 14, Ìyá Bọ́sẹ̀! Ti ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́ sábà ń mú ẹni ọdún 20 sí 40. Ọmọ tó ṣì ń ga, osteosarcoma là ń bẹ̀rù, jẹjẹrẹ eegun ni. Kì í ṣe pé gígé díẹ̀ wò ló ń jẹ́ kó ràn; èyí tí wọ́n bá gé wò ló máa sọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ eegun tó máa tọ́jú ẹ̀ gan-an bójú tó o. Wọ́n á fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú orúnkún, wọ́n á ya àyà, torí ẹ̀dọ̀fóró ni osteosarcoma sábà ń ràn lọ. Bó bá jẹ́ òun, oògùn jẹjẹrẹ ló ń ṣáájú abẹ, wọ́n sì sábà máa ń dá ẹsẹ̀ sí bí èèyàn bá tètè dé. Kí ẹnikẹ́ni má wọ́ ọ mọ́, eegun yẹn lè kán.

Ìyá Bọ́sẹ̀: Fọ́tò wà lọ́wọ́ baba yẹn. Ó ní òun ṣì ń wò ó.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ gbà á lónìí. Bí kò bá fi sílẹ̀, ẹ máa lọ, wọ́n á ya òmíràn.

Dádì T.: Ọkọ̀ mi ń lọ Ìlọrin lọ́jọ́ Ajé. Mi ò ní gbowó.